Ẹ̀yà Ara Tó Jọra: Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Akẹ́kọ̀ọ́ àti Ará Ilé

Mo ń kọ́ àwọn ọmọ tó fẹ́ di nọ́ọ̀sì ní ẹ̀kọ́ ẹ̀yà ara ní Ilé-Ifẹ̀. Inú kíláàsì ni púpọ̀ nínú ìbéèrè ìsàlẹ̀ yìí ti wá. Àwọn aládùúgbò ní Làgéré bi mí ní díẹ̀, alápatà kan bi mí ní ọ̀kan, àwọn ìyá ọlọ́mọ ló sì ni ìyókù. Bí mo ṣe máa ń dáhùn lójúkojú ni mo ṣe dáhùn níbí: ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti pọ̀, mo jókòó tì í, ibi tí kò bá pọ̀, mo kọjá.

Kí ló dé tí ẹ máa ń ní ká kọ́ ẹ̀yà ara ní méjì-méjì?

Egungun àgbàlagbà jẹ́ 206. Ẹni tó bá fẹ́ há orúkọ wọn sórí lọ́kọ̀ọ̀kan, ìdajì yóò ti fò lọ kí ìdánwò tó dé. Ẹni tó bá mọ apá dáadáa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ ẹsẹ̀ náà, torí pé ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà bẹ̀rẹ̀ nínú oyún: ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹrin, èéhù kékeré méjì yọ lókè ara ọlẹ̀, méjì yọ nísàlẹ̀. Ohun tó kù ni kéèyàn béèrè iṣẹ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe. Bí iṣẹ́ bá ti yé e, ìdí tí wọ́n fi yàtọ̀ á yé e.

Ṣé lóòótọ́ ni pé iye egungun apá àti ti ẹsẹ̀ dọ́gba?

Ó dọ́gba. Ẹ jẹ́ ká jọ kà á láti òkè wá sísàlẹ̀.

Láti èjìká dé ìgúnpá, egungun kan: humerus. Láti ìbàdí dé orúnkún, kan náà: femur, tó gùn jù nínú gbogbo egungun ara. Láti ìgúnpá dé ọrùn ọwọ́, méjì: radius àti ulna. Láti orúnkún dé ọrùn ẹsẹ̀, méjì: tibia àti fibula. Ọrùn ọwọ́ ní egungun wẹ́wẹ́ 8. Ọrùn ẹsẹ̀ pẹ̀lú gìgísẹ̀ ní 7. Àtẹ́lẹwọ́ ní 5, àtẹ́lẹsẹ̀ ní 5. Ìka ọwọ́ márààrún ní 14, torí méjì péré ló wà nínú àtàǹpàkò, tí ìyókù sì ní mẹ́ta-mẹ́ta. Bí ìka ẹsẹ̀ náà ṣe rí gan-an nìyẹn, ọmọ ìka ńlá méjì, ìyókù mẹ́ta-mẹ́ta.

Ẹ ròó pọ̀. Ti apá jẹ́ 30. Ti ẹsẹ̀ ì bá jẹ́ 29, àmọ́ egungun roboto tó bo iwájú orúnkún, patella, ló sọ ọ́ di 30. Mo fẹ́ràn ìṣirò yìí gan-an, àwọn ọmọ kíláàsì mi sì ti mọ̀ pé mi ò ní ṣàì bi wọ́n.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni wọ́n ti ń wá ẹnìkejì radius. Wọ́n á ní fibula ni, torí pé àwọn méjèèjì wà níta. Ẹ má wo ìta tàbí inú. Ẹ wo àtàǹpàkò: radius ló bá a lọ. Ẹ wo ọmọ ìka ńlá ẹsẹ̀: tibia ló bá a lọ. Radius àti tibia ni ẹnìkejì ara wọn, ulna àti fibula náà bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ wọn wá yàtọ̀ pátápátá. Tí ẹ bá yí àtẹ́lẹwọ́ dé, radius ń gorí ulna ni, ó ń dábùú rẹ̀. Òun ló ń jẹ́ kéèyàn lè fi ọmọorógùn ro àmàlà, kó yí kọ́kọ́rọ́, kó sì fún aṣọ. Tibia àti fibula kò lè dán èyí wò, torí pé ẹsẹ̀ ní ẹrù láti gbé. Tibia ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú ìwúwo ara. Ti fibula kéré. Ìdí nìyẹn tí dókítà oníṣẹ́ abẹ fi lè gé nínú fibula kó fi tún párì ẹni tí àrùn ti ba egungun àgbọ̀n rẹ̀ jẹ́ ṣe, tí onítọ̀hún yóò sì tún máa fi ẹsẹ̀ náà rìn.

Kí ló wá dé tí ìgúnpá kọjú sẹ́yìn, tí orúnkún kọjú síwájú?

Inú oyún ni wọ́n ti yí i. Láàárín ọ̀sẹ̀ kẹfà sí ìkẹjọ, apá yí síta, ẹsẹ̀ yí sínú. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tí ẹ bá dúró tí ẹ sì kọ àtẹ́lẹwọ́ síwájú, àtàǹpàkò á wà níta, ọmọ ìka ńlá ẹsẹ̀ á sì wà nínú.

Èjìká ọmọ mi yẹ̀ níbi bọ́ọ̀lù. Kí ló dé tí ìbàdí kì í yẹ̀ bẹ́ẹ̀?

Oríkèé kan náà ni: orí egungun roboto tó wọ inú ihò. Ṣùgbọ́n ihò ìbàdí jìn bí odó, ti èjìká sì tẹ́ bí àwo pẹrẹsẹ. Ẹsẹ̀ nílò ìdúróṣinṣin, apá nílò òmìnira, kò sì sí oríkèé tó lè ní méjèèjì tán. Ẹ gbìyànjú kí ẹ fi ọwọ́ họ àárín ẹ̀yìn yín, kí ẹ wá dán an wò pẹ̀lú ẹsẹ̀. Owó tí èjìká san fún òmìnira yẹn ni pé òun ló ń yẹ̀ jù nínú gbogbo oríkèé ńlá ara.

Ìbàdí náà máa ń yẹ̀ o, ṣùgbọ́n ó gba agbára ńlá, irú bíi kí mọ́tò forí sọ nǹkan tí orúnkún ẹni tó wà níwájú sì gbá pátákó ọkọ̀. Tó bá ṣẹlẹ̀, kò sí àkókò ìfọwọ́ra: iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí orí femur lè já tàbí kó dí, egungun náà á sì kú díẹ̀díẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má fà á nílé.

Alápatà ni mí. Gbogbo ohun tó wà nínú màlúù ni mo mọ̀. Ṣé mo ti mọ inú ènìyàn nìyẹn?

Ẹ ti mọ púpọ̀ nínú rẹ̀, bọ̀dá, ẹ sì mọ̀ ọ́n ju àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kan lọ. Fùkù ni ẹ̀dọ̀fóró, ẹ̀dọ̀ ni ẹ̀dọ̀, òróòro wà níbi tó yẹ kó wà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí wọ́n ti yàtọ̀.

Ènìyàn kò ní ṣàkì. Ikùn màlúù ní yàrá mẹ́rin, ṣàkì sì ni àkọ́kọ́ àti èyí tó tóbi jù, níbi tí koríko ti ń kan kó tó di jíjẹ padà. Yàrá kẹrin ni tiwa jọ, èyí tó ń tú omi kíkan jáde tó ń yọ́ oúnjẹ.

Kídìnrín màlúù pín sí kókó-kókó lójú. Ti ènìyàn ń dán, ó sì tẹ́ lójú. Ti ewúrẹ́ ló jọ tiwa, òun ni mo sì máa ń ra tí mo bá fẹ́ la kídìnrín fún àwọn ọmọ wò. Ohun tó dùn mọ́ mi ni pé kídìnrín ọmọ ènìyàn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí náà máa ń ní irú kókó wọ̀nyẹn, bó bá ṣe ń dàgbà ni wọ́n ń parẹ́.

Ìhà màlúù jẹ́ 13 lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ti ewúrẹ́ náà 13, tiwa 12. Egungun ọrùn jẹ́ 7 fún gbogbo wa, àgùntàn, màlúù, ènìyàn, títí kan àgùnfọn tí ọrùn rẹ̀ gùn tó bẹ́ẹ̀.

Èyí tó máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu jù ni bòkòtò. Orí ìka ni màlúù fi ń rìn. Méjì péré nínú ìka márùn-ún ló ń tẹ ilẹ̀, ìkẹta àti ìkẹrin, pátákò sì ni èékánná wọn. Ohun tí ẹ ń pè ní orúnkún ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀, ọrùn ọwọ́ ni. Èyí tó rí ṣóńṣó tó kọjú sẹ́yìn ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, gìgísẹ̀ ni, kò sì kan ilẹ̀ rí. Orúnkún gan-an wà lókè, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fara mọ́ ikùn. Ẹ wo màlúù tó bá tún kọjá, ẹ ó rí i.

Ṣé ìhà ọkùnrin fi ọ̀kan dín sí ti obìnrin?

Rárá. Méjìlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, 24 lápapọ̀, lọ́kùnrin lóbìnrin. Mo mọ ibi tí ìbéèrè yìí ti wá, mi ò sì bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìgbàgbọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀rọ bá gé ìka rẹ̀ kì í bí ọmọ oníka mẹ́sàn-án, nítorí náà ìtàn Ádámù kò ní kí ìhà àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ dín. Àwọn ènìyàn díẹ̀ wà tí wọ́n ní ìhà kékeré kan lé lórí níbi ọrùn, ọkùnrin wà nínú wọn, obìnrin wà nínú wọn.

Tí ẹ bá ń wá egungun tó fi ọkùnrin hàn yàtọ̀ sí obìnrin, ìbàdí ni kí ẹ lọ wò. Ẹnu ọ̀nà ìbàdí obìnrin fẹ̀, ó sì rí roboto, igun tó wà níwájú lábẹ́ egungun náà sì là ju ti ọkùnrin lọ, torí orí ọmọ gbọ́dọ̀ gba ibẹ̀ kọjá. Òun ni àwọn dókítà tó ń yẹ òkú wò máa ń kọ́kọ́ wá tí wọ́n bá rí egungun láìmọ ẹni tó ni ín.

Ṣé ara ọkùnrin àti obìnrin bẹ̀rẹ̀ bákan náà nínú oyún?

Bẹ́ẹ̀ ni. Títí di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ keje, ẹni tó bá wo ọlẹ̀ lójú kò lè sọ èyí tó jẹ́. Ohun kan náà ló di ilé ẹyin lára obìnrin tó sì di kóró ẹpọ̀n lára ọkùnrin. Awọ tó di àpò ẹpọ̀n lára ọkùnrin ló di ètè ńlá ojú ara obìnrin.

Ìtòsí kídìnrín ni kóró ẹpọ̀n ti bẹ̀rẹ̀ kó tó sọ̀ kalẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí wọ́n bá gbá níbẹ̀ fi ń di inú mú. Tí kóró kan kò bá tíì sọ̀ nígbà tí ọmọ pé oṣù mẹ́fà, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ẹ má dúró kó di géńdé.

Ọ̀tún àti òsì kò sì dọ́gba níbẹ̀ pẹ̀lú. Iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ kúrò ní kóró òsì gba inú iṣan kídìnrín òsì kọjá kó tó dé ojú pópó. Ti ọ̀tún wọ iṣan ńlá àárín ikùn tààrà. Ọ̀nà òsì jìn, igun rẹ̀ sì le, ìdí nìyẹn tí iṣan wíwú nínú àpò ẹpọ̀n fi pọ̀ lápá òsì ju ọ̀tún lọ.

Iyán há mi lọ́fun ní Iléṣà, mo sì ń mí dáadáa. Kí ló fà á?

Ọ̀nà méjì ló wà ní ọrùn. Èyí tó wà níwájú, tí ẹ lè fọwọ́ kàn lábẹ́ gògóńgò, ni ọ̀nà èémí. Èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀nà oúnjẹ. Èyí tó dí nínú tiyín ni ọ̀nà oúnjẹ, a dúpẹ́.

Ọ̀nà èémí gbọ́dọ̀ wà ní ṣíṣí nígbà gbogbo, nítorí náà òrùka eegun rírọ̀ 16 sí 20 ló gbé e dúró. Àwọn òrùka náà kò pé. Ẹ̀yìn wọn là sílẹ̀, ibi tí wọ́n fara ti ọ̀nà oúnjẹ gan-an nìyẹn, kí òkèlè lè ráyè bó bá ń kọjá. Ọ̀nà oúnjẹ, tó gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 25, kò ní òrùka kankan. Ẹran ara lásán ni, ó ń pa dé tí kò bá sí nǹkan nínú rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ń ti oúnjẹ lọ. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó dùbúlẹ̀ fi lè gbé nǹkan mì.

Ẹni tí kò bá lè sọ̀rọ̀, tí kò lè wúkọ́, tó di ọrùn mú, ọ̀nà èémí ni tirẹ̀ dí o. Ẹ má fún un lómi. Ẹ gbá a lẹ́yìn láàárín èjìká, kí ẹ sì ké sí àwọn ènìyàn.

Ọmọ mi fa ẹ̀pà símú títí ó fi wọlé lọ. Dókítà ní ẹ̀dọ̀fóró ọ̀tún ló wà. Báwo ló ṣe mọ̀ kó tó yà á wò?

Ó mọ̀ pé ibẹ̀ ló ṣeé ṣe jù. Ẹ̀dọ̀fóró ọ̀tún pín sí mẹ́ta, ti òsì sí méjì, torí ọkàn ti gba àyè díẹ̀ lápá òsì. Níbi tí ọ̀nà èémí ti là sí méjì, ẹ̀ka ọ̀tún fẹ̀, ó kúrú, ó sì dúró ṣánṣán ju ti òsì lọ. Ti òsì ní láti tẹ̀ gba abẹ́ iṣan ńlá tó ti inú ọkàn jáde. Ohun tó bá já bọ́ á tọ ọ̀nà tó rọrùn. Ọmọ tó bá ń wúkọ́ lójijì lẹ́yìn tó jẹ ẹ̀pà tàbí àgbàdo, kódà bí ikọ́ náà bá dáwọ́ dúró, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn. Fún àwọn tó wà ní Iléṣà, Wesley Guild kò jìnnà sí yín.

Iṣan tí wọ́n fi ń gba ẹ̀jẹ̀ àti èyí tó ń lù lọ́rùn ọwọ́, ṣé ọ̀kan náà ni?

Méjì ni. Èyí tó ń lù ni iṣan àlọ, ó ń gbé ẹ̀jẹ̀ kúrò nínú ọkàn. Èyí tí wọ́n ń gún abẹ́rẹ́ sí ni iṣan àbọ̀, ó ń gbé ẹ̀jẹ̀ padà. Ara iṣan àlọ nípọn torí pé agbára tí ọkàn fi ń ti ẹ̀jẹ̀ dé bá a tààrà. Tó bá gé, ẹ̀jẹ̀ á máa tú jáde ní ìgbà-dé-ìgbà bí ọkàn ṣe ń lù. Ara iṣan àbọ̀ tín-ín-rín, ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ rọra ń ṣàn, nítorí náà ó ní àwọn ìlẹ̀kùn kéékèèké nínú, pàápàá ní ẹsẹ̀, tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ padà sísàlẹ̀. Ibi tí ìlẹ̀kùn wọ̀nyẹn bá ti bàjẹ́ ni iṣan ti ń yọ gbàǹgbà lójú ẹsẹ̀ àwọn tó ń dúró pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ má sọ fún mi nínú ìdánwò pé iṣan àlọ ló ń gbé ẹ̀jẹ̀ tó ní ọ́síjìn púpọ̀. Ó rí bẹ́ẹ̀ níbi púpọ̀, kò rí bẹ́ẹ̀ níbi gbogbo. Iṣan àlọ tó lọ sí ẹ̀dọ̀fóró ń gbé ẹ̀jẹ̀ tí ọ́síjìn rẹ̀ ti tán lọ síbẹ̀ ni. Nínú ìwọ́ ọmọ, iṣan àlọ méjì àti iṣan àbọ̀ kan ló wà, iṣan àbọ̀ kan yẹn ló sì ń gbé ẹ̀jẹ̀ tó dára láti ibi ọmọ wá. Ibi tó ń lọ ló ń fún un lórúkọ. Ẹ̀jẹ̀ inú iṣan àbọ̀ kì í ṣe búlúù náà o. Pupa tó ṣú ni, awọ ló ń tan ojú jẹ.

Ọkàn fúnra rẹ̀ ṣe bákan náà: ògiri yàrá ìsàlẹ̀ òsì nípọn tó ìlọ́po mẹ́ta ti ọ̀tún, nítorí ọ̀tún ń ti ẹ̀jẹ̀ dé ẹ̀dọ̀fóró nítòsí, òsì ń tì í dé orí àti àtẹ́lẹsẹ̀.

Wọ́n ní “iṣan já” ni. Baba tó ń to eegun ní kò sí ohun tó fọ́. Ta ni ká gbà gbọ́?

Wọ́n lè jọ sọ òótọ́. Iṣan tí wọ́n ń wí yìí kì í ṣe ti ẹ̀jẹ̀. Okùn méjì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ oríkèé. Tendon so ẹran ara mọ́ egungun. Èyí tó tóbi jù ni èyí tí ẹ lè fi ìka méjì dì mú lókè gìgísẹ̀. Ligament so egungun mọ́ egungun. Tí ẹsẹ̀ bá rọ́ sínú lójú ọ̀nà gbágungbàgun, ligament ẹ̀gbẹ́ ìta ọrùn ẹsẹ̀ ló sábà máa ń ya. Tendon tó já kì í jẹ́ kí nǹkan náà ṣiṣẹ́ mọ́. Ligament tó já ń jẹ́ kí oríkèé máa mì. Àwòrán X-ray kì í fi èyíkéyìí nínú méjèèjì hàn dáadáa, egungun ló ń fi hàn.

Ọ̀rọ̀ àwọn baba tó ń to eegun: àwọn kan nínú wọn lọ́wọ́ gan-an, mi ò ní purọ́. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni dídì tó le jù. Tí ìka bá tutù, tó kú tipiri, tàbí tí àwọ̀ rẹ̀ yí padà lẹ́yìn tí wọ́n di ọ̀pá mọ́ ọn, ẹ tú u lójú ẹsẹ̀, kí ẹ gba ilé ìwòsàn lọ ní wákàtí yẹn. Ọ̀pọ̀ apá àti ẹsẹ̀ ni wọ́n ti gé nítorí ìdì, tí kì í ṣe nítorí egungun tó ṣẹ́.

Èwo ló gùn jù, ìfun kékeré tàbí ìfun ńlá?

Ìfun kékeré. Ó tó nǹkan bíi mítà 6, ti ńlá jẹ́ bíi mítà kan ààbọ̀. Fífẹ̀ wọn ni wọ́n fi sọ wọ́n lórúkọ.

Eyín mélòó?

Ti ọmọdé 20, ti àgbàlagbà 32 tí eyín ọgbọ́n bá yọ tán.

Tí ènìyàn bá fẹ́ fi kídìnrín kan tọrẹ, èwo ni wọ́n máa ń mú?

Òsì ni wọ́n sábà máa ń fẹ́. Ẹ̀dọ̀ ti kídìnrín ọ̀tún sísàlẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni ìdí rẹ̀. Iṣan àbọ̀ ti òsì gùn ju ti ọ̀tún lọ, iṣan tó bá sì gùn rọrùn láti rán mọ́ ara ẹlòmíì. Ìlú wa Ifẹ̀ wà lára ibi tí wọ́n ti ń ṣe irú iṣẹ́ abẹ yìí ní Nàìjíríà.

Àwùjẹ̀ ọmọ mi ń lù. Ṣé kò léwu?

Kò léwu, màmá. Egungun agbárí àgbàlagbà ti lẹ̀ mọ́ra. Ti ọmọ tuntun ṣì wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n lè gorí ara wọn nígbà ìbí, kí ọpọlọ sì ráyè dàgbà. Èyí tó wà lẹ́yìn orí ń dí láàárín oṣù méjì sí mẹ́ta. Èyí tó wà níwájú, tí ẹ ń wò yìí, sábà máa ń dí kí ọmọ tó pé ọdún kan ààbọ̀ tàbí kó lé díẹ̀. Kò sí oògùn tó yẹ kí ẹ fi lé e. Tó bá jìn wọlé, tí ọmọ sì ń yàgbẹ́ gbuuru tàbí ń bì, omi ara rẹ̀ ti ń tán. Tó bá wú sókè, tí ara ọmọ sì gbóná, ẹ gbéra kíá.

Ère Ifẹ̀ tí mo rí, orí rẹ̀ tóbi ju bó ṣe yẹ lọ. Ṣé àwọn baba wa kò mọ ìwọ̀n ara ni?

Wọ́n mọ̀ ọ́n. Ẹ wo àwọn orí idẹ tí wọ́n hú jáde ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938: ìpéǹpéjú, ètè, etí, gbogbo rẹ̀ wà níbi tó yẹ kó wà lójú ènìyàn. Ṣùgbọ́n nínú ère Ọọ̀ni tí wọ́n rí ní Ìta Yemòó ní 1957, orí gba bí ìdámẹ́rin gíga rẹ̀. Lára àgbàlagbà tòótọ́, orí kì í ju ìdá kan nínú méje tàbí mẹ́jọ lọ. Èrò tèmi ni pé ẹni tó lè ṣe ètè yẹn kò lè ṣi ìwọ̀n orí. Ó fẹ́ kó tóbi ni. Ibi tí ìdámẹ́rin wà lóòótọ́ ni ara ọmọ tuntun: orí rẹ̀ gba ìdámẹ́rin gígùn rẹ̀, lẹ́yìn náà ni ara á wá máa lé orí bá, ẹsẹ̀ ló sì ń pẹ́ jù.

Nínú àwòrán, ẹ̀dọ̀ wà lápá òsì mi. Ẹ ní ọ̀tún ló wà. Èwo ni òótọ́?

Ọ̀tún ẹni tó ni ara ni à ń wí, kì í ṣe ti ẹni tó ń wò ó. Ẹni inú àwòrán kọjú sí yín. Ẹ yí ìwé náà sẹ́yìn, ẹ fi í lé àyà yín kí ojú rẹ̀ kọ síta, ẹ ó rí i pé ẹ̀dọ̀ bọ́ sí abẹ́ ìhà ọ̀tún yín.